Bí Nǹkan Bá Le fún Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù, Ṣé Kó Kó Lọ sí Ìlú Mìíràn? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ní agbègbè wa yìí, láti Kàbbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá ti gbóná, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú. Ẹgbẹ́ tí kò rí èrò wòran, tí owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ń falẹ̀, tó ń fìdí rẹmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kúkú gbé e lọ sí ìlú tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo kó ohun tí àwọn èèyàn máa ń béèrè jọ, mo sì dáhùn wọn níbí.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń gbé odindi ẹgbẹ́ kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn?

Lóòótọ́ ni, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ Lakers tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Los Angeles, Minneapolis ni wọ́n ti wá ní 1960. Ẹgbẹ́ Athletics tí wọ́n ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù, Philadelphia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Kansas City ní 1955, wọ́n tún kó lọ sí Oakland ní 1968, wọ́n sì gbá eré àṣekágbá wọn ní Oakland lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, 2024. Ìtòsí ìlú Sacramento ni wọ́n fi ṣe ibùsọ̀ báyìí. Las Vegas ni wọ́n ń lọ, ọdún 2028 ni wọ́n sì dá. Oakland yìí ṣe mí láàánú. Warriors, àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, sọdá omi lọ sí San Francisco ní 2019. Raiders, àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, gba Las Vegas lọ ní 2020. Athletics ló wá ti ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta, kò tó ọdún mẹ́fà, gbogbo wọn ti lọ.

Ti Baltimore ló dùn mí jù. Olówó Colts, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀, àti ìjọba ń fa ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn aṣòfin Maryland bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin tí ìjọba lè fi gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1984, ni wọ́n palẹ̀ gbogbo ẹrù mọ́, wọ́n kọrí sí Indianapolis. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, Baltimore ò ní ẹgbẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onífèrè àti onílù tó máa ń ṣeré fún Colts kò bá wọn lọ. Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni aṣọ ìṣeré wọn wà lóru ọjọ́ náà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí aṣọ ọ̀hún bá ẹrù lọ. Wọ́n wọ aṣọ yẹn, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń fọn fèrè kiri fún ẹgbẹ́ tí kò sí nílé mọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Baltimore fi rí ẹgbẹ́ mìíràn ní 1996.

Níbo ni wọ́n ti rí ẹgbẹ́ tuntun yẹn? Cleveland ni. Ohun tí wọ́n ṣe fún Baltimore ni Baltimore náà ṣe fún ọmọlàkejì rẹ̀. Àmọ́ àwọn ará Cleveland kò gbà bọ̀rọ̀. Wọ́n jà títí wọ́n fi gba orúkọ Browns, àwọ̀ aṣọ àti ìtàn ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ìlú wọn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ, orúkọ dúró. Ní 1999, wọ́n dá Browns padà sórí pápá ní Cleveland. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti Cleveland yìí sọ́kàn.

Kí ló fà á tó fi wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa?

Bí wọ́n ṣe to líìgì wọn ló fà á. Ẹ wo NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: ẹgbẹ́ 32 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó gbẹ́yìn kì í já wálẹ̀, ẹnì kankan kì í sì í ti ìsàlẹ̀ gòkè wá. Ìlú tó bá ń wá ẹgbẹ́, ọ̀nà méjì péré ló ní: kí àwọn olówó líìgì gbà láti dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, tàbí kó lọ fa ti ẹlòmíràn wá. Bí olówó ẹgbẹ́ bá fẹ́ kó lọ, bí 24 nínú àwọn 32 bá ti fọwọ́ sí i, ó parí. Ìdí nìyí tí ẹnu wọn fi máa ń le sí ìjọba ìlú: ẹ kọ́ pápá tuntun fún mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ń lọ.

Tiwa yàtọ̀. Ní Nàìjíríà, NPFL ló wà lókè, NNL tẹ̀lé e, Nationwide League One tẹ̀lé ìyẹn, kó tó kan líìgì ìpínlẹ̀. Ìlú tó bá lágbára lè bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá kó sì gbá bọ́ọ̀lù dé òkè, láìgba tọwọ́ ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ síyẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ wa. Gómìnà wo ló máa gbé ẹgbẹ́ tó ń fi owó ìpínlẹ̀ rẹ̀ bọ́ fún ìpínlẹ̀ mìíràn?

Àìsàn ti àwọn ẹgbẹ́ tiwa, ikú ló sábà máa ń já sí. Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì ní 1986, síbẹ̀ kò pẹ́ tí wọ́n fi tú u ká. Ní Port Harcourt, Sharks àti Dolphins jọ ń fa owó kan náà lọ́wọ́ ìjọba Rivers. Ní 2016, ìjọba da méjèèjì pọ̀, ó di Rivers United.

Ẹgbẹ́ tó bá kó lọ, ṣé ara rẹ̀ máa ń yá?

Ibà kì í fi aláìsàn sílẹ̀ nítorí pé wọ́n gbé e kúrò ní yàrá lọ sí pálọ̀. Ẹ wo Wimbledon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ yìí na Liverpool ní 1–0, ó gba ife FA ní 1988. Ní 1991 wọ́n kúrò ní pápá wọn ní Plough Lane, wọ́n di ayálégbé lọ́dọ̀ Crystal Palace. Gbèsè ń gun orí gbèsè. Ní oṣù Karùn-ún, 2002, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan dìbò méjì sí ọ̀kan pé kí wọ́n máa kó lọ sí Milton Keynes, nǹkan bíi kìlómítà 90 sí ilé. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ẹrù tó dé ibẹ̀ ní 2003, gbèsè ti sọ ẹgbẹ́ náà di èyí tí wọ́n fi lé àwọn alábòójútó lọ́wọ́. Ní 2004 ó já wálẹ̀ sí ìpele kẹta, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí MK Dons.

Àwọn olólùfẹ́ tó ṣẹ́kù nílé kò jókòó sunkún. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, AFC Wimbledon. Orí pápá gbalasa Wimbledon Common ni wọ́n ti pe ẹnikẹ́ni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá kó wá dán ara rẹ̀ wò. Ìpele kẹsàn-án ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2011 wọ́n ti dé ìpele kẹrin. Ní oṣù Kọkànlá, 2020, wọ́n padà sí Plough Lane, nínú pápá tuntun tí wọ́n kọ́. Ní oṣù Karùn-ún, 2025, wọ́n gòkè sí ìpele kẹta, MK Dons sì wà ní ìpele kẹrin. Àwọn tó dúró nílé ló wà lókè nígbà yẹn.

Mi ò ní fi òótọ́ pamọ́: ó yọrí sí rere fún àwọn mìíràn. SuperSonics kúrò ní Seattle lọ sí Oklahoma City ní 2008, wọ́n di Thunder, wọ́n sì gba ife NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 2025. Bí èèyàn bá jẹ́ ará Oklahoma City, ayọ̀ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti 2008 yẹn títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé ife náà, Seattle kò ní ẹgbẹ́ kankan ní NBA, bẹ́ẹ̀ sì ni láti 1967 ni ẹgbẹ́ yẹn ti wà lọ́dọ̀ wọn.

Ìlú tó gba ẹgbẹ́ tuntun ńkọ́? Ṣé kì í jèrè?

Owó máa ń jáde kí èrè tó wọlé. Ìpínlẹ̀ Nevada ya mílíọ̀nù 750 dọ́là sọ́tọ̀ láti inú owó orí ilé ìtura fún pápá Raiders, kí wọ́n lè wá sí Las Vegas. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó ti wádìí ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré ló gbà pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà sápò ìjọba. Owó tí èèyàn ìbá ná ní ilé oúnjẹ tàbí ilé fíìmù ló ń gbé lọ sí pápá. Apò kan náà ló ti ń jáde.

Ṣé kò wá sí ìgbà kankan tó tọ́ kí ẹgbẹ́ kó lọ?

Ó wà. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kí wọ́n tètè gbéra. Nígbà tí Boko Haram ń da Maiduguri láàmú, El-Kanemi Warriors lọ ń gbá eré ilé wọn ní Katsina. Shakhtar Donetsk ní Ukraine fi ilé sílẹ̀ ní 2014 nítorí ogun. Wọ́n ti fi Lviv, Kharkiv àti Kyiv ṣe ilé, wọ́n tilẹ̀ ti gbá eré Yúróòpù wọn ní Poland àti Jámánì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé kò sí èyí tó yí orúkọ padà nínú àwọn méjèèjì. El-Kanemi padà sílé. Orúkọ Donetsk ṣì wà lára Shakhtar títí di òní. Àsálà ni wọ́n sá, wọn ò ta ilé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa. Ṣé kò yẹ kí wọ́n gbé Kogi United kúrò ní Lọ́kọ́ja wá sí Kàbbà?

Àbúrò mi, mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Eré aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Lọ́kọ́ja máa ń parí nígbà tí aago mẹ́fà bá ń lọ lù. Ẹni tó bá ti Kàbbà lọ wò ó ní láti tún gba Ọ̀bájànà kọjá, láàárín àwọn tírélà símẹ́ǹtì, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ará Mọ̀pà tàbí Ìsánlú ṣì ní ìrìn níwájú. Pẹ̀lú bí ojú ọ̀nà ṣe rí lásìkò yìí, tí àwọn ajínigbé ò jẹ́ kọ́kàn èèyàn balẹ̀, ìyá wo ló máa fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ wo bọ́ọ̀lù kó sì padà lóru? Nítorí náà, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa ni lórúkọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ wa kò tíì fojú kàn án rí.

Síbẹ̀ mi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gbé e wá. Bí a bá gbà á nítorí pé a ní ẹni tó ń gbọ́ tiwa nílé ìjọba, lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kúrò, Ìdàh náà yóò ní kí wọ́n gbé e wá, Òkènè náà yóò sì ní tirẹ̀. Ohun tí ìṣèlú bá gbé dé, ìṣèlú náà ló máa gbé e lọ. Àwọn ọmọdé tó ń wo ẹgbẹ́ yẹn ní Lọ́kọ́ja kò sì ṣẹ̀ wá.

Àwa gan-an mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fi bébà gbé èèyàn. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa sùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n jí lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ, 1991, wọ́n bá ara wọn ní Kogi. Ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pariwo fún ní Ìlọrin di ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí kò yẹ kó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe é fún aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tí a lè béèrè, tó sì tọ́ sí wa, ni pé kí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ máa gbá eré ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ káàkiri ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì máa wá ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ wa lọ́dọ̀ wa níbí.

Ìlú kékeré ha lè gbé ẹgbẹ́ ńlá dúró bí?

Green Bay ní Amẹ́ríkà, èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 107,000 lọ, ṣùgbọ́n Packers wà níbẹ̀, wọ́n sì ti gba Super Bowl, ife àṣekágbá NFL, lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn aráàlú ló ni ín láti 1923 nípasẹ̀ ìpín ìdókòwò. Ìpín náà kì í mú èrè wá fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí olówó kan tó lè jí lówùúrọ̀ kó gbé ẹgbẹ́ lọ. Nítòsí ilé, ẹ wo Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gòkè, ó já wálẹ̀, ó tún gòkè, ó sì gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25. Wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dàgbà, wọn ò sì retí kí gómìnà kan buwọ́ lu owó oṣù.

Kí ni ká wá ṣe?

Ká dá tiwa sílẹ̀. Ká forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ láti líìgì ìpínlẹ̀, ká máa fojú sí Nationwide League One. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun ń dáwó fún ilé ìwòsàn, fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti fún ọdún ìlú. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń san ìwọ̀nba díẹ̀ lóṣooṣù, owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù kò ní wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Kí a tó ra bọ́ọ̀lù kan, kí a kọ́kọ́ kọ òfin ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò: orúkọ, àwọ̀ aṣọ àti ìtàn ẹgbẹ́ jẹ́ ti ilẹ̀ Ọ̀kun, wọn ò ṣeé tà. Bí ewu bá dé, ẹgbẹ́ lè lọ gbá eré rẹ̀ níbòmíràn fún sáà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣooṣù ni yóò dìbò sí i, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.