Jáàkì kọ́ ló bu omi sínú ẹ̀gẹ́

Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, "Báwo ni?" kì í ṣe ìbéèrè. Ìkíni ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀: "A dúpẹ́." Ẹni tí kò fojú ba oorun láti ọjọ́ mẹ́ta yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó háyà ní Àgọ́-Ìwòyè, yóò sì ti ilẹ̀kùn padà. Pátákó ìlera ọpọlọ tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu géètì kò lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ìbéèrè kejì ló ń ṣí i, èyí tó dá lórí ohun téèyàn fojú rí: "Oúnjẹ àná ṣì wà nínú kúlà ẹ. Kí ló dé?" Kí ẹni tó béèrè wá dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ló nira, nítorí "á dáa" àti "máa gbàdúrà" kì í jìnnà sí ẹnu wa.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń sá fún ni: "Ṣé ó máa ń ṣe ẹ́ bíi kí o pa ara ẹ?" Wọ́n ní ẹni tó bá bi í ló fi sí i lọ́kàn. Irọ́ ni, àwọn onímọ̀ ti wádìí ẹ̀ léraléra, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú. Wọ́n á lọ ẹ̀gẹ́, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi á máa kán tó-tó-tó. Ta ló jẹ́ sọ pé jáàkì ló bu omi sínú ẹ̀gẹ́? Láti oko lomi ti wà níbẹ̀. Wọn kì í sì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: wọ́n á fún un, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á tún padà wá fún un, nítorí ọjọ́ mélòó kan ni gàrí ibẹ̀ ń lò kó tó kan. Ẹni tó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ lónìí tí kò padà wá lọ́la, omi ṣì kù nínú àpò rẹ̀. Bó bá gbé e sórí agbada báyìí, kókó ni yóò máa yí.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", ó ku: "Ṣé o ti ro bí o ṣe máa ṣe é?" Ẹni tó bá ti rò ó, wọn kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan, wọ́n á kó ohun tó lè fi ṣe é kúrò nítòsí, wọ́n á bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ibí lokùn ti máa ń já. Láti 1954 ni ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Aró ti wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gbàtọ́jú lójúmọmọ. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni. Síbẹ̀, nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, "Aró ló yẹ kí wọ́n gbé ẹ lọ" ṣì ni èébú tó yá lẹ́nu, ẹni tí kò rí oorun sùn ní yàrá kejì sì ń gbọ́.