Iná Kékeré Tó Ń Dí Ìrora Lọ́nà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀fun

Ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun lè ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Oníṣẹ́ abẹ á gé ẹran kékeré tó rọ̀ dirodiro lẹ́nu ọ̀fun, á dín ibi tó rọ̀ lára àjà ẹnu kù, á sì sábà yọ kókó ẹran méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ojú ọ̀nà itọ́ ni egbò náà wà, nítorí náà, gbogbo ìgbà téèyàn bá gbé itọ́ mì ló ń dùn ún. Ìrora ọ̀hún tún lè yọ sí etí, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun ò ṣe etí: iṣan tó ń gbé ìròyìn ọ̀fun náà ló ń gbé ti inú etí. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló wá le jù. Morphine àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń pa ìrora lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tún ń mú kí ọpọlọ dẹwọ́ nínú iṣẹ́ èémí, wọ́n sì ń mú kí ọ̀fun dẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ ti máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, léraléra lóru, tí ọ̀fun rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wú lẹ́yìn abẹ, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ohunkóhun tó bá lè dín ìwọ̀n tó máa lò kù, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TENS ti wúlò. Kò ju ohun tó lè wọ àpò lọ. Bátìrì ló ń lò, wáyà jáde lára rẹ̀, páàdì alálẹ̀mọ́ sì wà lẹ́nu wáyà náà. Wọ́n á lẹ páàdì mọ́ awọ ara, wọ́n á wá máa yí iná sókè díẹ̀díẹ̀ títí aláìsàn á fi máa gbọ́ ọ lára, bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Kò gbọdọ̀ dun èèyàn, ṣùgbọ́n èyí tí ara ò bá mọ̀ rárá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Lọ́dún 1965, àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣèwádìí nípa ìrora, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí bí ẹnu ọ̀nà. Fọ́nrán iṣan tó ń gbé ìròyìn ìfọwọ́kàn nípọn, ó sì yára. Ti ìrora tínrín, ó sì ń falẹ̀. Méjèèjì pàdé nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí nídìí ọpọlọ tó bá jẹ́ ti orí àti ọ̀fun. Bí ti ìfọwọ́kàn bá ti pọ̀ níbẹ̀, ti ìrora ò ní ráyè kọjá dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá òkúta fi ń yára ra á.

Iná tó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń ti ẹnu ọ̀nà yìí. Èyí tó ń lù lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ń mú kí ẹran ara fò fìrì fìrì, ó sì ń mú kí ara tú apàrora tirẹ̀ jáde. Wọ́n lè lẹ èyí mọ́ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, kó jìnnà sí egbò.

Iwájú ọrùn ni kí ẹnikẹ́ni má lẹ páàdì mọ́ láé: ó lè mú kí ọ̀fun fún pọ̀, ó sì lè da ìlù ọkàn rú. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn nínú ara kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i.

TENS kì í lé gbogbo oògùn dànù. Paracetamol sábà máa ń bá a rìn. Ìtura iná tó yára sì lè lọ kété tí wọ́n bá pa á. Nítorí náà, ó dáa kí wọ́n tàn án ṣáájú kí aláìsàn tó gbé ife omi, kó sì wà ní títàn títí yóò fi mu ún tán, torí ọ̀fun tó bá gbẹ á tún máa dùn ún sí i ni.