Lewisia rediviva

Lewisia rediviva jẹ́ ewéko kékeré olódòdó tó máa ń hù láàárín òkúta wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà, láti gúúsù British Columbia ní Kánádà títí dé Kalifọ́níà. Ìdílé Portulacaceae, níbi tí pápásan wà, ni àwọn onímọ̀ ewéko kà á mọ́ tẹ́lẹ̀; inú Montiaceae ló wà báyìí.

Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ki, ó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí òdòdó bá fi máa là, ewé náà ti ń rọ, débi pé ẹni tó bá rí i á rò pé orí ilẹ̀ lásán ni òdòdó ti yọ. Òdòdó ọ̀hún lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó sì lè jẹ́ funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá ti so tán, gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀ á gbẹ dànù. Gbòǹgbò nìkan ló máa kù nínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Gbòǹgbò yìí ló sọ ọ́ di olókìkí. Ó pẹ́ tí àwọn Salish, Kootenai àti Shoshone, ìyẹn àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà, ti ń wà á jẹ. Kó tó tanná ni wọ́n ń wà á, torí èèpo rẹ̀ máa ń bó wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà náà; wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì sè é. Ó korò gan-an. Nígbà tí arìnrìn-àjò Meriwether Lewis tọ́ ọ wò ní oṣù Kẹjọ ọdún 1805, ó rìn ín lára, ló bá kó ìyókù fún àwọn ará ibẹ̀, àwọn yẹn sì jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1806, ó wa díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà lónìí, ó sì gbé e lọ ní gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, wọ́n gbin gbòǹgbò gbígbẹ yẹn sí Philadelphia, àfi bó ṣe hù. Ìdí rèé tí Frederick Pursh, onímọ̀ ewéko ọmọ Jámánì, fi pè é ní rediviva, ìyẹn èyí tó tún jí, lẹ́yìn tó ti fi orúkọ Lewis sọ ọ́. Montana sọ ọ́ di òdòdó ìpínlẹ̀ wọn ní ọdún 1895.

Nínú ọgbà olókúta, omi ló sábà máa ń pa á: tí òjò bá ń rọ̀ sí i lásìkò tó ń sinmi, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Níbi tí òjò ti pọ̀, inú ìkòkò tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, lábẹ́ òrùlé onígíláàsì, ni wọ́n ń gbin ín sí. Ìbátan rẹ̀, Lewisia cotyledon, rọrùn láti tọ́jú jù ú lọ, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú ọgbà. Pàlàpálá ògiri òkúta ni wọ́n máa ń ki í bọ̀, ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí omi má baà dúró sáàárín ewé rẹ̀.