Báwọn ọmọ Milan ṣe di ẹni àpọ́nlé ní Indiana

Ní Indiana lọ́hùn-ún l'Amẹ́ríkà, téèyàn bá dárúkọ Milan, kò sẹ́ni tó máa rò pé Ítálì ló ń sọ. Ìlú kékeré kan ni, èèyàn ibẹ̀ ò ju bí 1,150 lọ nígbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ 161 ló wà ní sẹ́kọ́ńdírì wọn, tọkùnrin tobìnrin o! Àwọn yìí ló gba ife básíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ 20 oṣù kẹta 1954.

Òfin ìdíje wọn ló bí gbogbo ẹ̀. Láti 1911 ni wọ́n ti ń ṣe é láìpín iléèwé sí kíláàsì kankan, tìlú ńlá toko, ife kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń lé. Iléèwé 751 ló wọ̀ ọ́ lọ́dún 1954, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá lọ́mọ púpọ̀ ló máa rí àwọn tó ga ṣà.

Kóòṣì tí Milan ní tẹ́lẹ̀, Herman Grinstead, wọ́n lé e torí pé ó lọ ra jẹ́síì tuntun fáwọn ọmọ láìgbàṣẹ (jẹ́síì lásán o!), inú ará ìlú ò dùn sí i rárá, ni wọ́n bá mú Marvin Wood wá lọ́dún 1952, ọ̀dọ́ ni, ọmọ ọdún 26 péré ló jẹ́ nígbà tí wọ́n gba ife yẹn. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Bobby Plump, Gene White, Roger Schroder àti Glenn Butte, ará Pierceville ni wọ́n, ibẹ̀ tún kéré ju Milan lọ, láti kékeré ni wọ́n sì ti jọ ń gbá a. Ẹni tó bá ní wọ́n ṣèèṣì ni, kó rántí pé ní 1953 wọ́n ti dé sẹmi-fáínà kí wọ́n tó já.

Ọdún kejì wọ́n na Crispus Attucks, iléèwé kan ní Indianapolis tí Oscar Robertson, ẹni tó padà di ìràwọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì, wà níbẹ̀, 65 sí 52, wọ́n wá bá Muncie Central, iléèwé ńlá kan, pàdé ní fáínà. Muncie ti gba ife yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin rí.

Kọ́tà kẹrin, Muncie ń fi 28 sí 26 ṣíwájú. Ẹni tí wọ́n ń nà ló yẹ kó máa sáré, àbí? Plump gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra, ó dúró sójú kan, kò jù ú, kò fún ẹnì kankan, odindi mínítì mẹ́rin àti sẹ́kọ́ńdì 13! Kò sáago tó ń lé èèyàn láti ju bọ́ọ̀lù nígbà yẹn. Lójú tèmi ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí tí Muncie ò bá rí bọ́ọ̀lù, kí ni wọ́n fẹ́ fi gíga wọn ṣe? Ìgbà tí Plump wá jù ú, kò wọlé, ẹ̀rín pa mí, àmọ́ Muncie sọ bọ́ọ̀lù nù, Ray Craft bá sọ ọ́ di 28-28. Nígbà tó wá di 30-30, tó ku sẹ́kọ́ńdì 18, White ló dábàá pé káwọn yòókù kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n fi Plump àtẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́, ó fò sókè, ó jù ú, ó wọlé. 32-30.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fojú bù ú pé 40,000 èèyàn ló ya wá pàdé wọn n'ílùú tí ò tó 1,200. Ibi tí àpọ́nlé náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì dé orí fíìmù kan ní 1986, ó di mùsíọ́ọ̀mù nínú ilé báńkì àtijọ́ kan ní Milan, Plump náà ṣí ilé oúnjẹ kan ní Indianapolis tó fi orúkọ góòlù ìkẹyìn yẹn pè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí. Lọ́dún 1955 Attucks yìí kan náà gba ife, iléèwé àwọn aláwọ̀ dúdú ni, Milan ti gbé tiẹ̀ káàkiri, àmọ́ ní ti àwọn wọ̀nyí, àwọn aláṣẹ ìlú kàn mú wọn yí po àárín ìlú Indianapolis díẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ máa ṣàjọyọ̀ wọn ní pápá kan ládùúgbò àwọn dúdú.

Nígbà tó di 1997 wọ́n pín ìdíje náà sí kíláàsì mẹ́rin, iléèwé bíi Milan ò tún ní bá irú Muncie pàdé nínú ẹ̀ mọ́. Plump wà lára àwọn tó ta kò ó gan-an, wọn ò dá wọn lóhùn.