Bí Sẹ́ńsọ̀ Ṣe Ń Mọ̀ Pé Òkè Fẹ́ Ya

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Kútọnu wọ Ṣábẹ, àpáta ni yóò kọ́kọ́ rí. Wọ́n dúró gàgàrà lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá sá sí nígbà ogun Dàhòmì. Omi ọ̀sà ni ará Àjàṣẹ́ ń ṣọ́. Ní Ṣábẹ, òkè ló yẹ ní ṣíṣọ́, ó sì ṣeé ṣọ́, nítorí ọ̀pọ̀ òkè ló máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ kó tó ya. Ìrìn yẹn ni sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ ìyípadà, ń kà.

Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè iṣu ti mọ ìdí tí òkè fi ń ya. Ebè tuntun máa ń dúró gbọn-in nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, torí ẹyọ iyẹ̀pẹ̀ kan ń fi ara ti èkejì. Kí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá wá rọ̀ sí i fún ọjọ́ mẹ́ta: omi á wọ àárín wọn, á máa tì wọ́n kúrò lára ara wọn, ẹ̀gbẹ́ ebè á sì yọ́ lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbẹ́ òkè tó jẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé igi orí rẹ̀ tí gbòǹgbò sì ti jẹrà, tàbí tí wọ́n gbẹ́ ìdí rẹ̀ láti fi kọ́lé, ó di ọwọ́ òjò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ńlá, òkè ya lu àwọn ilé ní Regent, létí Freetown, ìlú àwọn Sàró. Ẹni tó kú àti ẹni tí wọn kò rí mọ́ lé ní 1,000.

Nítorí náà, omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ̀rọ kan ń gba òjò, ó ń kà á wákàtí sí wákàtí, wọ́n sì ń ro iye tó ti rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn mọ́ ọn. Láti ọdún 1977 ni Hong Kong ti ń fi òjò kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé òkè lè ya. Òmíràn wà nísàlẹ̀ páìpù tóóró tí wọ́n rì bọlẹ̀ bíi kànga kékeré, ó ń wọn bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń ti iyẹ̀pẹ̀ tó. Ẹ̀kẹta ń wo bóyá ilẹ̀ ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ti wù kí títẹ̀ náà kéré tó.

Ti àpáta Ṣábẹ gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ òkúta ni, ó sì máa ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Sẹ́ńsọ̀ tó bá irú rẹ̀ mu ni ọ̀pá irin tí wọ́n kan orí rẹ̀ kan mọ́ etí ọ̀tún ibi tó là, tí wọ́n kan èkejì mọ́ etí òsì. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ sí i, kódà kó má tó mílímítà kan, ọ̀pá á mọ̀. Àmọ́ oòrùn náà ń mú òkúta nà. Ní Yosemite, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọdún 3 àti ààbọ̀ ṣọ́ ìpele akọ òkúta kan, wọ́n sì rí i pé ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, ó lè ṣí tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan ní ọ̀sán, kó sì padà lálẹ́. Ẹni tó bá wo ọ̀sán nìkan á pariwo lásán. Òwúrọ̀ kùtù ni kí wọ́n fi wé òwúrọ̀ kùtù: bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àlàfo náà kò padà síbi tó wà lánàá, tí ti ọ̀túnla sì tún fẹ̀ jù ú lọ, òkè ti ń rìn nìyẹn.

Ẹni tí kò lówó ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèkàn méjì, ọ̀kan lókè ibi tí ilẹ̀ ti là, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀, àti téèpù irin kápẹ́ńtà. Kó máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyára ìrìn náà ló ń dẹ́rù bani ju jíjìn rẹ̀ lọ. Bí òkè bá ń lo ọjọ́ 4 kó tó rin mílímítà kan, tó wá di ọjọ́ 3, tó di 2, tó di 1, ojú lásán ti rí ibi tó ń lọ. Fukuzono, ará Jàpáánì, ló fi ọ̀nà ìṣirò yìí hàn lọ́dún 1985: bí wọ́n bá fi iye ọjọ́ wọ̀nyẹn fa ìlà sórí ìwé, ibi tí ìlà náà bá ti fẹ́ kan òdo ni àkókò tí òkè lè ya. Ní ibi ìwakùsà Bingham Canyon ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ti rí i tipẹ́ pé ògiri kòtò náà ń rìn. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò, ògiri náà sì ya ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2013. Ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Sẹ́ńsọ̀ ń fi rédíò kékeré ránṣẹ́ sí àpótí kan tó ń lo iná oòrùn, àpótí sì ń gbé e gba ọ̀nà tẹlifóònù dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìgbà ọyẹ́, eruku máa ń bo páńẹ́lì, ó sì yẹ kí ẹnì kan máa nù ún. Ewúrẹ́ náà lè fara yún ọ̀pá, nítorí náà ẹ̀rọ méjì ni kó jọ sọ ohun kan náà kí wọ́n tó fún ìlú ní ìkìlọ̀.

Ìkìlọ̀ yẹn ló ń bàjẹ́ jù, ó sì dunni, nítorí iṣẹ́ ńlá ti lọ síwájú rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ èdè Faransé lóru kò lè jí ìyá arúgbó tó sùn sídìí àpáta. Ohùn ni kó jẹ́, lédè Ṣábẹ, láti rédíò, láti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, láti ẹnu akéde tó ń lu agogo. Kí ohùn náà sì sọ ibi tí wọn yóò gbà: ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n yà sí kúrò lójú ọ̀nà òkè, kì í ṣe kí wọ́n máa sá lọ sísàlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà lọ́sàn-án kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bí òkè bá sì ti ya tán, ẹ̀rọ kò ní dákẹ́. Wọ́n kó àwọn ará abúlé Brienz, ní Swítsáláńdì, kúrò nílé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Òkúta ya lóru ní oṣù kẹfà, díẹ̀ ló kù kó dé ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n padà sílé ní oṣù keje. Sẹ́ńsọ̀ ṣì ń kà, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n tún ní kí wọ́n jáde.