Ìbẹ̀rù àdánù, àti ₦97 ọdún 2012

Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 lọ sílé epo lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 2011 láti ra epo jẹnẹrétọ̀, ₦325 ló san. Ilẹ̀ mọ́, ọdún tuntun dé, ìjọba Goodluck Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà kan fò láti ₦65 sí nǹkan bíi ₦141, kẹ́ẹ̀gì kan náà wá di ₦705. Ìjọba ṣèlérí bọ́ọ̀sì, ọ̀nà àti rélùwéè. Kò wọ èèyàn létí. Èrò ya sí Ojota l'Ékòó láti fẹ̀hónú hàn, àwọn òṣìṣẹ́ gùn lé ìyanṣẹ́lódì.

Lójú ẹni tó ń fi ìwé ṣírò, àpò ọ̀tún lowó ti kúrò, àpò òsì ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n Daniel Kahneman àti Amos Tversky, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ṣàlàyé láti 1979 pé ọkàn èèyàn kì í ṣírò báyẹn. Ibi tó dúró sí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohun tó bá dín níbẹ̀, àdánù ni. Ohun tó bá lé, èrè ni. Bí èrè kan ṣe ń dùn mọ́ èèyàn tó, àdánù iye kan náà máa ń dùn ún tó bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Òun ni ìbẹ̀rù àdánù. (Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní 2002. Tversky ti kú ní 1996, wọn kì í sì í fún òkú.)

₦65 ni gbogbo wa dúró sí. ₦76 tó gun orí ẹ̀, àdánù ojú ẹsẹ̀ ni, inú kẹ́ẹ̀gì lo ti ń rí i. Bọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, èrè ọ̀la ni, ẹnu ìjọba ló ṣì wà. Mi ò sọ pé ìbẹ̀rù àdánù nìkan ló lé èèyàn jáde o. Ẹni tí wọ́n ti ń ṣèlérí iná mànàmáná fún látìgbà èwe rẹ̀ nídìí tó fi ń fura.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù ni ọjọ́ 16 oṣù Kìíní. Ìjọba sọ epo di ₦97, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Àwọn sójà tí wọ́n kó sí Ojota láàárọ̀ ọjọ́ náà náà lọ́wọ́ sí i, a ò lè yọ ìyẹn kúrò. Síbẹ̀, ẹ wo owó náà: ₦97 fi ₦32 ju ₦65 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Ká ní ₦97 ni wọ́n pè é lọ́jọ́ kìíní, mo gbà pé Ojota ì bá kún bákan náà. Ṣùgbọ́n a ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ₦141, ibi ìdúró ti yí, ó wá dà bí ẹni pé ₦44 padà sápò wa. Ìyá ọlọ́jà tó kọ́kọ́ pe ọjà ní owó gọbọi kó tó wálẹ̀ ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Bola Tinubu gbàjọba, òun náà kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Epo tí kò tó ₦200 di ₦537 l'Ábújá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ₦97 kankan tó tẹ̀lé e lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó di oṣù Keje, ó ti di ₦617, ₦537 tó mú èèyàn figbe ta wá di owó tí wọ́n ń dárò.