Bí ewì àwọn Gíríìkì ṣe wọ inú ìwé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́

"Ohun ìrora ni fún ọ láti tapá sí ẹ̀gún." Ẹni tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní kékeré mọ gbólóhùn yìí dáadáa. Ohùn tí Sọ́ọ̀lù gbọ́ lọ́nà Dámásíkù ló sọ ọ́, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 26 sì fi kún un pé èdè Hébérù ni ohùn náà ń sọ. Síbẹ̀, òwe àwọn Gíríìkì ni. Ẹ̀gún tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gún igbó. Ọ̀pá ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àgbẹ̀ fi ń gún màlúù tó ń túlẹ̀ ni: màlúù tó bá tapá sí i, ara rẹ̀ ló ń ṣe léṣe. Àwọn akéwì Gíríìkì àtijọ́ mọ̀ ọ́n: Pindar ti pa òwe yìí, Aeschylus ti pa á, Euripides sì fi í sẹ́nu òrìṣà Dionysus nínú Bacchae, eré tí wọ́n ṣe ní Áténì ní nǹkan bí 405 ṣáájú ìbí Kristi. Níbẹ̀, Dionysus ń kìlọ̀ fún ọba kan tó ń ṣe inúnibíni sí ẹ̀sìn tuntun pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni, òrìṣà ló ń bá jà. Ẹ wo bí ó ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀lù tó. Bóyá Lúùkù, tí a gbà pé òun ló kọ ìwé Ìṣe, ní eré yẹn lọ́kàn, bóyá òwe lásán ló pa, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e.

Ilé ìwé ló gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ inú Ìwé Mímọ́. Láti Áténì dé Áńtíókù dé Alẹkisáńdíríà, ọ̀nà kan náà ni àwọn ọmọdé ń gbà mọ Gíríìkì kọ. A ó fún ọmọ ní pátákó tí wọ́n da ìda sí lójú, pẹ̀lú irin ṣóńṣó tí yóò máa fi ha ọ̀rọ̀ sí i. Ó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì, ó kọ́ bí a ti ń so lẹ́tà pọ̀, ó kọ orúkọ àwọn akọni inú ìtàn. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ á kọ ìlà ewì kan sókè, ọmọ á sì máa dà á kọ sísàlẹ̀ títí ojú pátákó á fi kún. Ìlà Menander, òǹkọ̀wé eré apanilẹ́rìn-ín, wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn lẹ́nu bí òwe. Bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, Homer, akéwì àgbà tó kọ ìtàn àwọn akọni àti òrìṣà, ló kàn, a ó sì máa ti ọmọ náà láti há a sórí.

Àwọn Kristẹni kò ní ilé ìwé mìíràn tí wọ́n lè rán ọmọ wọn lọ. Tertullian ti Carthage, òǹkọ̀wé Kristẹni, ẹni tó bi àwọn ènìyàn léèrè pé kí ló pa Áténì pọ̀ mọ́ Jerúsálẹ́mù, kò fẹ́ kí Kristẹni jẹ́ olùkọ́ nínú irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ó rọ̀: kí ọmọ lọ, kó má kàn gba àwọn òrìṣà inú ìwé náà gbọ́. Òun náà mọ̀ pé ẹni tí kò bá lè kàwé kò ní lè ka Bíbélì.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó mú kálámù láti kọ̀wé nípa Jésù ní Gíríìkì, ewì àwọn abọ̀rìṣà ti jókòó sí i lọ́kàn. Ẹ wo lẹ́tà kìíní Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 15. Bó ti ń bá àwọn tó sọ pé kò sí àjíǹde wí, ó ní "ẹgbẹ́ búburú ba ìwà rere jẹ́." Ìlà Menander nìyẹn, láti inú eré kan tí wọ́n sọ lórúkọ aṣẹ́wó tó wà nínú rẹ̀, Thais. Pọ́ọ̀lù kò dárúkọ ẹni tó ni ín, ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má tilẹ̀ rí eré náà rí. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ayé.

Ti Ìṣe orí 17 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́ọ̀lù dúró níwájú àwọn ará Áténì, ó ní àwọn akéwì wọn pàápàá sọ pé ọmọ Rẹ̀ ni wá. Aratus ló kọ gbólóhùn yẹn, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, nínú ewì rẹ̀ lórí ìràwọ̀. Ará Sólì ní Sìlíṣíà ni Aratus, agbègbè kan náà tí Tásù ìlú Pọ́ọ̀lù wà. Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìkì, sì ni ewì náà ń sọ: láti ọ̀dọ̀ Zeus ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ni ìlà àkọ́kọ́ wí. Ẹni tó bá rò pé Lúùkù ló kọ́kọ́ gbá Zeus kúrò níbẹ̀ kó tó fi Ọlọ́run rọ́pò ṣe àṣìṣe. Júù kan tó ń jẹ́ Aristobulus ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìlà kan náà ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn Júù Alẹkisáńdíríà ló la ọ̀nà yìí.

Ju àyọlò lọ, ọnà ìsọ̀tàn pàápàá wá láti ilé ìwé. Ọmọ tó bá kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ ewì á bọ́ sọ́dọ̀ olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, èyí tó máa ń fún un ní ìtàn kékeré tó parí sí ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe ọlọ́gbọ́n kan. Bí àpẹẹrẹ: Diogenes, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì kan, rí ọmọ kan tó ń hùwà àìlẹ́kọ̀ọ́, ó sì fi ọ̀pá na ẹni tó ń tọ́ ọmọ náà. Ó tán. Akẹ́kọ̀ọ́ á fa ìtàn yìí gùn, á gé e kúrú, á gbè é lẹ́yìn, á tún ta kò ó, á sì yí i padà gẹ́gẹ́ bí gírámà ti wí, títí Diogenes kan ṣoṣo á fi di Diogenes púpọ̀. Ẹ wá ṣí Máàkù orí 12. Wọ́n béèrè bóyá ó tọ́ láti san owó orí fún Késárì, Jésù ní kí wọ́n mú owó kan wá, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹnu yà wọ́n, ìtàn parí. Èyí kò sọ ìtàn náà di àròsọ. Ẹni tó ń bù ú kàn mọ irú abọ́ tí wọ́n fi ń bu irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà ìkàwé náà wọlé. Láti ìgbà Theagenes ará Rhegium, ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Kristi, ni ìjà àwọn òrìṣà inú Homer ti ń kó ìtìjú bá àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì. Wọ́n wá ní ohun mìíràn ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà: iná ń bá omi jà, gbígbẹ ń bá tútù jà. Philo, Júù ará Alẹkisáńdíríà, fi ọ̀nà yìí ka òfin Mósè, Origen, olùkọ́ Kristẹni, sì fi ka gbogbo Bíbélì. Porphyry, ọ̀tá ẹ̀sìn Kristi, fi èyí bú Origen, ó ní ìwé àwọn Gíríìkì ló ti kọ́ ọ kó tó lọ lò ó fún ìwé àwọn Júù. Èébú ni, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tó yá, àwọn Kristẹni bẹ̀rẹ̀ sí í mú ewì Gíríìkì lò ní gbangba. Clement ti Alẹkisáńdíríà rán àwọn òǹkàwé rẹ̀ létí Odysseus, akọni inú Homer, tí wọ́n so mọ́ òpó ọkọ̀ kí orin àwọn Siren, àwọn abàmì obìnrin olórin, má bàa fà á lọ sí ikú, ó ní kí Kristẹni so ara rẹ̀ mọ́ igi àgbélébùú bẹ́ẹ̀. Basil, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Áténì, kọ ìmọ̀ràn fún àwọn ọ̀dọ́: kí wọ́n ṣe bí oyin, tí kì í bà lé gbogbo òdòdó, tí kì í sì í kó gbogbo ohun tó wà nínú èyí tó bà lé.

Ní ọdún 362 lẹ́yìn ìbí Kristi, Julian, olú ọba Róòmù, tó ti padà sídìí òrìṣà, kò fẹ́ kí Kristẹni máa kọ́ ọmọ ní ìwé wọ̀nyí mọ́. Ó ní bí wọn kò bá gba òrìṣà Homer gbọ́, kí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n máa kọ́ni ní Mátíù àti Lúùkù. Bí òfin yìí ṣe dun àwọn Kristẹni fi hàn pé ìwé náà ti di tiwọn. Ìtàn sọ pé Apollinaris, bàbá àti ọmọ, jókòó láti fi Bíbélì ṣe Homer tuntun: bàbá sọ ìwé Mósè di ewì akọni, ọmọ sọ Ìhìn Rere di ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bíi ti Plato, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Julian kú sójú ogun, òfin rẹ̀ sì tú ká láìpẹ́. Àwọn Kristẹni padà sídìí Homer gangan.

Ní ọ̀rúndún karùn-ún, Nonnus ará Panopolis ní Íjíbítì sọ Ìhìn Rere Jòhánù di ewì lórí ìwọ̀n ohùn Homer. "Ní àtètèkọ́ṣe ni Ọ̀rọ̀ wà" di Ọ̀rọ̀ tí kò ní àkókò, tí ọwọ́ kò lè tó. Ó tún kọ ewì mìíràn, ìwé 48, gbogbo rẹ̀ lórí Dionysus, òrìṣà ọjọ́sí tó ń kìlọ̀ fún ọba pé kó má tapá sí ẹ̀gún.